Ewédú Ìjọba Tí Wọ́n Bẹ́ Lórí

Ọdún 1978 ni ìjọba gbé ewédú wá sí Òtu, bí ẹni pé a kò rí i rí. Ọ̀gbẹ́ni Adéwùmí, olùwádìí láti Ìbàdàn, gbin éékà kan sí etí ọ̀nà Òfíkì, ó fi wáyà yí i ká, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já ewé kan níbẹ̀. Wọn ò fẹ́ fi sebẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, kí wọ́n rẹ igi rẹ̀ sómi, kí wọ́n bó èèpo rẹ̀, kí wọ́n sì fi hun àpò ìdọ̀họ.

Àwáwù opó ni wọ́n ní kí ó máa ṣọ́ ọ. Adéwùmí ṣèlérí fún un pé bí igi bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ ìjọba bá wá wọ̀n ọ́n, òun náà di òṣìṣẹ́ ìjọba pátápátá. Bí kò bá pé, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, Sàlàkọ́, àbúrò ọkọ rẹ̀, yóò sì ṣú u lópó. Sàlàkọ́ ti gẹrun sílẹ̀. Àwáwù kúkú fẹ́ràn wáyà jù ú lọ.

Lójoojúmọ́ ni Àdìjátù, Ìyá Mọ́nsúrù, ìyálé gbogbo agboolé, ń wá dúró létí wáyà.

“Àwáwù, ewédú yìí ga ju èèyàn lọ, o ò já a?”

“Ìjọba ní kí n má já a, Ìyá Mọ́nsúrù.”

“Bí wọn ò bá bẹ́ ewédú lórí, ó ń gbó ni. Ọmọ ta ni kò mọ̀ ọ́n?”

“Àpò ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, mà.”

“Àpò!” Ó pàtẹ́wọ́. “Tó bá dẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á fi gbẹ̀gìrì kọ́lé.”

Ìròyìn dé pé ìgbìmọ̀ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ní Òtu, a kì í jẹ́ kí àlejò bá oko ní rádaràda. Gbogbo obìnrin ló ń jáde ọ̀wẹ̀ láti tún un ṣe. Bí Àwáwù ṣe lọ kírun àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, ogójì obìnrin gbé agbọ̀n wọ inú wáyà, wọ́n ń kọrin. Wọ́n á tẹ igi wálẹ̀, wọ́n á bẹ́ orí rẹ̀, wọ́n á jù ú sílẹ̀, igi á ta padà sókè bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Àwáwù dé, ó bá éékà kan tí kò lórí.

“Ẹ ti pa mí!”

“A pa ọ́ kẹ̀? Ìtìjú la gbà ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀,” ni Ìyá Mọ́nsúrù wí. “O ò tiẹ̀ dúpẹ́.”

“Sàlàkọ́ lẹ bá ṣọ̀wẹ̀!”

Alága ìgbìmọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹlé, wọ ẹ̀wù funfun dé. Wọ́n fa téèpù. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án. Wọ́n wọn òmíràn: mẹ́sàn-án. Adéwùmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Èèpo ara igi lẹ fẹ́, sà,” ni Àwáwù wí. “Àpò wo ló lórí?”

“Ìwé sọ pé mẹ́wàá, màdáàmù. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́.”

“Ó dáa. Orí wọn wà nínú agbọ̀n. Ẹ jẹ́ ká dá a padà.”

Alága yẹ ìwé wò títí, kò rí ibi tí wọ́n ti ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ni àwọn obìnrin bá tún tẹ igi wálẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ di orí mọ́ ọn, Adéwùmí ń wọ̀n ọ́n lọ.

“Orí tèyí kọ́ nìyẹn!”

“Ṣé ìwọ lo bí i ni?”

Alága fúnra rẹ̀ ló ń dájọ́ orí, òógùn bò ó. Igi kan pé mẹ́tàlá.

“Orí púpọ̀ lèyí ní, sà,” ni Ìyá Mọ́nsúrù wí. Alága kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó gbé tàdáwà àti ìwé kan jáde. “Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ oko yìí, kí ó wá tẹ̀ka. Ẹni tó tẹ̀ka nìjọba mọ̀.”

Àwáwù ló ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ogójì obìnrin ló ya bò ó, wọ́n tẹ̀ka síwájú ìwé, wọ́n tẹ̀ka sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí Àwáwù fi máa ráyè débẹ̀, kò sí àyè tí èèrà lè dúró sí.

“Ìwé ti kún, màdáàmù. Ẹyọ kan ni wọ́n fún wa.”

Sàlàkọ́ wúkọ́ létí wáyà. “Àwáwù, jẹ́ ká máa relé.”

Àwáwù ki àtàǹpàkò bọ tàdáwà dé ọrùn ọwọ́, ó rìn lọ bá alága, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láyà gbàgà.

“Ibẹ̀ náà kún?”

Alága wo àyà rẹ̀, ó wo ìwé. Ìwé ò sọ ibi tí ìka gbọdọ̀ wà. Ó ní kí wọ́n fún òun ní píìnì. Ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó ká a dáadáa, ó fi píìnì gún un mọ́ ẹ̀yìn ìwé, ó kọ nọ́ńbà sí i, ó sì fi síńgílẹ́ẹ̀tì wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ó nà ró bí ẹni tó ń lọ gba oyè.

Àwáwù yíjú sí Sàlàkọ́, ó kúnlẹ̀ fún un bí ó ti yẹ kí ìyàwó ilé ṣe.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà,” ó ní, “ẹ kúrò létí wáyà. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́.”