Ilé Etí Ọ̀sà

Iṣẹ́ tí Rodiat ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ó wà lára àwọn tó máa ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí lọ́la, lọ́tùnla, àti ní ọdún tí èmi àtẹ̀yin lè má sí láyé mọ́. Láràárọ̀ ló ń wọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó. Ní Lásùnwọ̀n tó ń gbé, madáàmù ni wọ́n ń pè é. Ní Ẹ̀pẹ́, nílé bàbá rẹ̀, Ìyá Olójò ni wọ́n ń pè é, ẹ̀sín sì ni wọ́n fi ń ṣe.

Òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Nígbà tí Kúlúsúmù ìyá rẹ̀ kú, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin ín sí, níbi tí ilẹ̀ wọn ti bá ọ̀sà pààlà. Fídáù ọjọ́ kẹjọ kù sí dẹ̀dẹ̀, Rodiat ní òjò kankan ò ní rọ̀, kí wọ́n má wulẹ̀ háyà kánópì. Háà! Àwọn ààfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni òjò dé, òjò tí kò mọ ààfáà, tí kò mọ arúgbó. Láwàní lẹ̀ mọ́ wọn lórí, ìrẹsì inú kúlà di ògì. Ẹyin lohùn. Láti ọjọ́ náà, bí Rodiat bá ní ilẹ̀ ti mọ́, àwọn ará ilé á kọ́kọ́ yọjú wo òòrùn.

Àfi bí Zikrullah, àbúrò rẹ̀ tó ṣì ń pẹja, ṣe pè é ní àárọ̀ Sátidé kan pé Bàbá ti kó bíríkìlà wá. Ilé tuntun ló fẹ́ kọ́, kì í sì ṣe sí ojú títì o, ẹ̀yìnkùlé ni, láàárín sàréè Ìyá àti omi. Ọkàn Rodiat dà rú. Gbogbo ohun tí wọ́n ti ń wọ̀n níbi iṣẹ́ láti ọdún dé ọdún ló ń sọ pé ọ̀sà ń gòkè bọ̀, pé kí àwọn ọmọ Zikrullah tó gbéyàwó, ilẹ̀ yẹn á ti di ojú omi. Ẹ̀rù bà á pé bàbá òun fẹ́ da gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ sómi. Ó sáré dé Gáréèjì Ìkòròdú, ó wọ mọ́tò Ẹ̀pẹ́, kò tiẹ̀ rántí jẹun.

Nígbà tó fi débẹ̀, wọ́n ti ta okùn, wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀. Bísíríyù bàbá rẹ̀ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń wò wọ́n. Rodiat kúnlẹ̀ kí i, ó sì tún kó àlàyé tó ti ṣe fún un rí sílẹ̀. Bàbá jẹ́ kó sọ ọ́ tán, ó wá bi í jẹ́jẹ́ pé ṣé ẹni tí kò mọ òjò ọ̀la ló fẹ́ mọ omi ogún ọdún. Àwọn bíríkìlà bú sẹ́rìn-ín. Ó dun Rodiat wọra.

"Bàbá, nígbà tí ẹ ń pẹja, ṣé ẹ lè búra pé ẹja máa kó sáwọ̀n lọ́la?"

Bàbá ní ta ló máa búra bẹ́ẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ẹ mọ oṣù tí ẹja máa ń pọ̀, ẹ sì mọ̀ pé kò pọ̀ tó ti ìgbà èwe yín mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. A lè ṣi òjò ọjọ́ kan sọ. Èyí tó ń gòkè lọ́dọọdún yìí, a ò ṣì í."

Bísíríyù nawọ́ sí ibi sàréè.

"Ta ló sọ fún ọ pé n kò gbà ọ́ gbọ́? Láti ọjọ́ tí o ti kọ́kọ́ sọ ọ́ ni n kò ti rí oorun sùn mọ́. N kì í ṣe ẹni tó máa gbé ilé yìí, Rodiat. Ìyá rẹ ni mò ń kọ́ ọ fún. A kì í hú òkú Mùsùlùmí kiri. Bí omi bá ń bọ̀, kó bá ilé pàdé kó tó kàn án."

Rodiat yíjú wo sàréè ìyá rẹ̀. Nínú gbogbo ìṣirò rẹ̀, ilẹ̀ ló ń wò, kò ronú kan ẹni tó wà nínú ilẹ̀. Ìtìjú bá a, àánú bàbá rẹ̀ sì ṣe é.

"Ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí," Bàbá ní. "Ṣé ilé yìí á dá omi dúró?"

Ì bá ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá ò ní sí láyé lọ́jọ́ tí irọ́ náà máa tú.

"Kò ní dá a dúró, Bàbá."

Bísíríyù mi orí. Ó wo ọ̀sà fún ìgbà díẹ̀, ó wá yíjú sí àwọn bíríkìlà tí wọ́n ti dáwọ́ dúró, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn sí i.