Awò Tí A Kò Lù

Onídígí gbé òòlù igi sókè, ó kan awò orí ìbọn náà lẹ́ẹ̀kẹfà. Kọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ojú òsì, ó fi ojú ọ̀tún wo inú rẹ̀. Àgbélébùú tín-ínrín tó wà nínú awò náà ṣì jókòó gẹ́lẹ́ sórí ìṣó tó wà lára ògiri òdìkejì àgbàlá. Kò yẹ̀.

"Mẹ́fà," ló wí.

Ọlọ́pàá obìnrin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. "Mélòó ló kù, bàbá?"

"Mẹ́rìnlá. Ogún ni mo máa ń lù wọ́n."

Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Awò olójú méjì tí àwọn atukọ̀ fi ń wo ọ̀nà jíjìn, awò orí ìbọn tí àwọn ọdẹ àti ẹ̀ṣọ́ igbó ń lò, kò sí èyí tí kì í tún ṣe, kò sì sí èyí tí kì í tà ní àlòkù. Tó bá jẹ́ ti orí ìbọn, á dè é mọ́ fáìsì, irin tó ń di nǹkan mú gírígírí, á fi àgbélébùú rẹ̀ sun ìṣó, á wá fi òòlù igi kàn án nígbà ogún, torí pé bí ìbọn ṣe ń ta èèyàn ní èjìká náà ló ṣe ń ta awò orí rẹ̀. Èyí tí àgbélébùú rẹ̀ bá yẹ̀, páńtí ni. Èyí tí kò bá yẹ̀, á fi abẹ́rẹ́ ha àmì kékeré kan sí i nísàlẹ̀, ìlà méjì tó dábùú ara wọn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó mọ àmì yẹn dáadáa. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá ti rí ìlà méjì, ẹ máa yìnbọn yín lọ.

Àmọ́ kò sẹ́ni tí kò ní àléébù tirẹ̀. Ti Onídígí ni pé ó máa ń ka ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà kó tó wo ọjà. Tí wọ́n bá kọ Ṣáínà sí i lára, á lù ú bí ẹni ń lu olè, ogún gbáko, nígbà mìíràn á fi márùn-ún ṣe ènì. Tó bá jẹ́ Japáànì, á lù ú ní mẹ́wàá, á ní ó tó. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Jámánì, á fi aṣọ funfun nù ún, á gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì ha àmì sí i lára láìfọwọ́ kan òòlù. "Ta ní ń lu ọmọ ọba?" ló máa ń wí. Ẹ má sì tíì dá a lẹ́bi o. Àwa náà kúkú ńkọ́? Ṣebí ẹ̀yìn páálí la máa ń kà ká tó ṣí i.

Awò tó wà nínú fáìsì láàárọ̀ yìí, Jámánì ni wọ́n kọ sí i nísàlẹ̀. Ìlà méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá náà ti rí i, àmọ́ ó rò pé ibi tó kàn ha lásán ni.

Kọ́. "Méje."

Ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo ló ni ìbọn tí wọ́n ti tú awò náà. Ẹ̀ṣọ́ igbó ni àbúrò rẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n rán òun àti ẹnìkejì rẹ̀ pé kí wọ́n lọ pa ẹfọ̀n kan tó fara gbọgbẹ́, tó ń lé àwọn àgbẹ̀ kúrò lóko. Àbúrò rí ẹfọ̀n náà lọ́ọ̀ọ́kán, ó fi àgbélébùú sun àyà rẹ̀, ó yìn ín. Ẹfọ̀n sá lọ láìfarapa. Ẹnìkejì rẹ̀, tí àbúrò kò mọ̀ pé ó ti gba inú igbó yí dé ẹ̀yìn igi kan ní ìgbésẹ̀ méjì sí apá ọ̀tún ẹran náà, òun ló ṣubú. Wọ́n ti sin ín. Àbúrò sì wà ní àtìmọ́lé. Tí awò bá dára, a jẹ́ pé àìbìkítà rẹ̀ ló pa èèyàn, ẹ̀wọ̀n ọdún gbọọrọ sì ni.

Kọ́. "Mẹ́jọ."

Kí ọlọ́pàá tó dé ni ìyàwó àbúrò ti wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n á gbé e wá fún yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ iṣẹ́ yìí níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé kò dáa."

"Tó bá wá dáa ńkọ́?"

"Ẹ sọ pé kò dáa."

Ó ti gbà fún un. Jámánì, kò dáa! Irọ́ tó burú jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n fún ọmọ ìyá ẹni, kí lèèyàn ò lè gbé mì? Obìnrin náà wà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ó káwọ́ lérán, ó ń ka òòlù pẹ̀lú wọn.

Mẹ́sàn-án. Mẹ́wàá. Ní ìkọlù kọkànlá, Onídígí bẹ̀rẹ̀ wo inú awò, kò rí ìṣó.

Ó gbójú kúrò, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó tún wò ó. Àgbélébùú ti lọ sí apá ọ̀tún, ó ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó tún kàn án lóòlù. Àgbélébùú padà sórí ìṣó, ó jókòó jẹ́ẹ́ bí ọmọ tó jí ẹran inú ìkòkò.

"Kí lẹ rí?" ọlọ́pàá bèèrè.

Ó sún kúrò kí ọlọ́pàá lè fi ojú sí awò. Onídígí tún kan awò náà bí obìnrin náà ṣe ń wò. Ọlọ́pàá figbe ta: "Ó ń rìn!"

Onídígí tú u. Súpíríǹgì kékeré tó ń di inú awò mú ti wọ́, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Nígbà tó fi èékánná ha ara irin níta, ọ̀dà dúdú ṣí kúrò lójú ibi tó ti rọ́ nígbà kan rí. Wọ́n ṣe awò náà dáadáa, àbùkù kankan kò sí níṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ṣe é. Lójú ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹnì kan ti já a bọ́, ó fi ọ̀dà bò ó, ó tà á. Kí ni Jámánì fẹ́ mọ̀ nípa ìyẹn? Òòlù igi nìkan ni ì bá sọ, ìkọlù mọ́kànlá péré.

"Kò dáa," ló wí. Irọ́ tó ti múra láti pa ti di òótọ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ọlọ́run ṣeun o!" Ìyàwó àbúrò ti dìde. "Ẹ ò gbọ́ bí? Kì í ṣe ọkọ mi!"

"Ẹ fara balẹ̀ ná, màdáámù." Ọlọ́pàá náà ṣí ìwé rẹ̀ sẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ kò le, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. "Ọkọ yín sọ pé ọwọ́ ẹnì kan tí òun ò mọ̀ lòun ti rà á, òun fúnra òun lòun sì dè é mọ́ ìbọn. Tí awò bá bàjẹ́, òun náà ló gbé awò burúkú wọgbó. Òfin wọn sì ni pé ẹni tó bá de awò tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yin ọta mẹ́ta sí bébà láti fi dán an wò. Kò yin ẹyọ kan. Mo bi í pé kí ló dé, ó kàn ń wolẹ̀ ni."

Obìnrin náà wo Onídígí. Ó wò ó pẹ́, ó sì tún jókòó.

Ẹnì kan tí òun ò mọ̀! Àṣé àbúrò ń daṣọ bo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin. Onídígí rántí ọjọ́ tí àbúrò wá mú awò, bó ṣe ti gbé ti Ṣáínà kan lọ́wọ́, èyí tó gba ìkọlù márùndínlọ́gbọ̀n tí kò mira. Òun fúnra rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Gbé e sílẹ̀ jàre. Ọmọ ìyá mi kọ́ ló máa gbé èyí sórí ìbọn." Ó wá gbé Jámánì fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ó dì í mọ́ ìbọn fún un, inú rẹ̀ sì dùn títí di alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ti Ṣáínà náà ṣì wà lórí pẹpẹ lókè yẹn, eruku ti bò ó.

Ó lè dákẹ́. Ta ló máa mọ̀? Àbúrò kò ní sọ ọ́, ìyàwó rẹ̀ kò sì ní sọ ọ́. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ó wo òòlù, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú irin awò náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì, ó fi ìka han ọlọ́pàá.

"Ìlà méjì yìí, ibi tó ha kọ́. Àmì mi ni. Ó túmọ̀ sí pé mo ti lù ú. Mi ò lù ú. Èmi ni mo fún un, èmi ni mo dè é. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Bàbá, ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹni tó ń lu gbogbo awò tó kù. Kí ló dé tẹ́ ò lu èyí?"

Onídígí la ẹnu. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ wà níbẹ̀ lára irin, lẹ́tà kéékèèké, ó sì tijú láti pè é jáde.

Ìyàwó àbúrò ló sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Èmi náà bi í lọ́jọ́ tó gbé e wálé. Mo ní ṣé kò ní yin ọta mẹ́ta yẹn ni. Ó fi àtàǹpàkò pa ìlà méjì yẹn báyìí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ìwọ náà! Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni kí n tún máa dán wò?'"

Bírò ọlọ́pàá dúró lórí ìwé. Onídígí tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ awò náà. Orúkọ ìlú òkèèrè yẹn rèé, ìlà méjì tirẹ̀ náà rèé, wọ́n jókòó ti ara wọn lórí irin kan náà. Ó wo èkíní, ó wo èkejì, kò sì rí ìyàtọ̀.

Ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó, ó sì bèèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá bóyá wọ́n á jẹ́ kí òun rí àbúrò òun.