Ìwé Tí Mo Kà Níwájú Wọn

Bàbá tó kọ́ ọmọ mi níṣẹ́ wẹ́dà ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. Ó ní, "Ìyá Iná-ò-jó, tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá èèyàn wáṣẹ́, ẹ ka ìwé wọn níwájú wọn. Ẹ kà á bí ẹ ṣe máa ń kàwé gan-an. Kí ẹ sì máa gbójú sókè wò wọ́n."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ bí mo ṣe ń kàwé ní àdúgbò wa? Mo ti lé ní ẹni ogójì ọdún kí n tó jókòó sí kíláàsì àwọn àgbàlagbà, lórí àga tí wọ́n kàn fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Títí di òní, ìka mi ló máa ń ṣáájú ojú mi lórí ìwé. Ẹni tó bá gbé omi kaná nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ojú ìwé kan, á ti wẹ̀, á ti jẹun, kí n tó dé ìsàlẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, wọ́n á ti sùn lọ kí n tó kà á tán."

"Ohun tí mò ń wí náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó lè dúró. Ẹni tí kò fi nǹkan kan pamọ́ sínú ìwé rẹ̀, kí ló ń lé e?" Ó rọra na ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tó máa ń dùn ún. "Nígbà tí èmi ń lọ ṣiṣẹ́ kọńtíráàtì nígbà èwe mi, orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò ni mo ti fọwọ́ síwèé. Mi ò ka ìlà kan. Wẹ́dà ni wọ́n pè mí. Búlọ́ọ̀kù ni mo lọ rù fún ọdún méjì gbáko. Ohun kan tún kù: ẹ ní kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà ẹnì kan tí wọ́n rán lọ tí inú rẹ̀ ò dùn. Àwọn tí inú wọn dùn, kò sí ẹni tí kò lè kó wọn jọ."

Ọmọbìnrin ni Iná-ò-jó, òun ni àbíkẹ́yìn mi. Ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù ló sọra rẹ̀ lórúkọ yẹn. Ó ki irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú iná mọ́lẹ̀, àwọn ọkùnrin ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Iná ò jó mi," bẹ́ẹ̀ omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ṣẹ́ tó fi gba sátífíkéètì. Géètì àti ojú fèrèsé ló ń jó láti ìgbà yẹn, ó sì ti sú u. Ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ló ń wù ú. Ó ní tí òun bá jó irin, kí ó léfòó, kí ó gbé èèyàn.

Ọ́fíìsì tí a kọ́kọ́ lọ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì. Ó tutù nínú ibẹ̀ débi pé mo fi ìborùn bo èjìká. Ọkùnrin kan tó so táì kò wo ọwọ́ ọmọ mi, kò bi í ní irú irin tó máa ń jó. Ó kàn ti ìwé síwájú rẹ̀.

"Ọkọ̀ ń gbéra ní Ọjọ́bọ̀, àyè kan ṣoṣo ló kù. Àǹtí, fọwọ́ síbí. Gbé ojúlówó sátífíkéètì ẹ sílẹ̀, a ó máa bá ẹ tọ́jú ẹ̀."

Ọmọ mi ti yọ sátífíkéètì sórí tábìlì. Bírò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ n kà á."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń lọ ṣiṣẹ́ o, Màámá."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo bí ẹni tó ń lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi. Mo wọ awò mi, mo gbé ìka lé ìlà àkọ́kọ́. Nígbà tí mo fi dé ìlà kẹta, ó ti wo aago. Ní ìlà karùn-ún, ó ń fi bírò gbá tábìlì. Ní ìlà keje, ó ní, "Màámá, ohun kan náà ni gbogbo èèyàn ń fọwọ́ sí. Kò sí tuntun níbẹ̀." Mo ń kà lọ, torí tí mo bá sọ̀rọ̀, ibi tí mo kà dé á sọ nù mọ́ mi lọ́wọ́. Ní ìlà kẹsàn-án, ìka mi bọ́ sínú àlàfo, àmì tó-tó-tó láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dópin.

"Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń lọ dà?"

"A ó kọ ọ́ síbẹ̀ tó bá yá."

"Lẹ́yìn tó bá ti fọwọ́ sí i tán?"

Ó fa ìwé náà yọ lábẹ́ ìka mi. "Ẹ wò ó, àwọn èèyàn wà níta tí wọn ò mú ìyá wọn dání."

Mo dìde. Mo mú sátífíkéètì ọmọ mi, mo kì í bọ inú báàgì mi, mo sì bá ọ̀nà jáde.

Iná-ò-jó tẹ̀ lé mi sọ̀kalẹ̀ dé ìta. Ìgbà náà ló wá tú u. "Màámi, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe? Ọjọ́bọ̀ ni! Àní Ọjọ́bọ̀! Ìgbà wo ni mo fẹ́ jó géètì dà? Ẹ wá fi ìka yín ba gbogbo ẹ̀ jẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Títí di òní, mi ò lè búra pé oníjìbìtì ni wọ́n. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, ó gbé ìbòjú iṣẹ́ rẹ̀ sórí orókún, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, ó ń wo òpópónà bí ẹni pé ọkọ̀ náà máa gba ibẹ̀ kọjá. Mo gbé oúnjẹ fún un, kò fọwọ́ kàn án. Mo bi ara mi léèrè bóyá ìgbéraga ìwé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ló ń gùn mí.

Oníbàárà kan tó wá gba géètì ló sọ fún Bàbá nípa obìnrin kan tó ń bá èèyàn wáṣẹ́, tó ní ọ́fíìsì lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà. Mo bẹ ọmọ mi títí kó tó bá mi lọ. Yàrá kan péré ni, òórùn ọ̀dà gba gbogbo ibẹ̀, fáànù kan ń dún bí ẹni tó ń ráhùn. Obìnrin náà kò sọ̀rọ̀ ìwé rárá.

"Ṣé o lè jó irin tó wà lókè orí ẹ, tí o nà sílẹ̀ gbalaja?"

Ojú ọmọ mi là. "Mo lè ṣe é, mà. Ó máa ń jó mi lọ́rùn, àmọ́ mo lè ṣe é."

"Fi èyí tí o ti ṣe hàn mí." Ó wo fọ́tò mẹ́fà nínú fóònù, ó bi í ní ìbéèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló tó mú ìwé jáde.

Mo wọ awò. Ọmọ mi wò mí, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí. Mo gbé ìka lé ìlà àkọ́kọ́.

Fóònù obìnrin náà dún; ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Fáànù ń gbé ìwé mọ́ mi lọ́wọ́. Ó dìde, ó yí i sápá ibòmíì. Mo há sórí ọ̀rọ̀ gígùn kan, mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, "Ẹ rọra, Màámá. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, mo mọ̀ pé ó gùn." Orúkọ ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀, àdírẹ́sì wà níbẹ̀. Ní ìlà kọkànlá, ìka mi dúró.

"Wọ́n ní tí iṣẹ́ bá parí kó tó tó àkókò, òṣìṣẹ́ ni kó wá ọ̀nà tó máa gbà délé. Ṣé mo kà á dáadáa?"

Ó gba ìwé, ó kà á. "Ẹ kà á dáadáa. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ló ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀, ó sì yẹ kí n ti bá wọn jà sí i. Kó má fọwọ́ sí i lónìí. Màá bá wọn sọ̀rọ̀. Ó lè pẹ́ o, wọ́n sì lè kọ̀."

Mo béèrè ẹni tí inú rẹ̀ ò dùn. Mo rò pé á bínú. Ó ní, "Ẹ pe káfíńtà yìí. Ó bú mi dénú egungun."

A pè é níta, a gbé ohùn rẹ̀ sókè kí àwa méjèèjì lè gbọ́. Káfíńtà ní, "Obìnrin yẹn? Yàrá tó fi mí sí ń jò bí ajọ̀! Abẹ́ agboòrùn ni mo ti ń sùn!" Ọmọ mi ti ń mi orí. "Àmọ́ kí n sọ òótọ́. Mo pè é, ó gbé e. Ọjọ́ kẹta, òun fúnra ẹ̀ ti dé, tòun ti bàtà òjò. Ó ní kí wọ́n kó mi kúrò níbẹ̀ lójú òun."

Mo ní, "Ṣé ẹ lè tún bá a ṣiṣẹ́?"

"Ṣebí ẹrù ni mò ń dì yìí. Ọjọ́ Ajé ni mò ń padà lọ."

Iná-ò-jó rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la fi dúró. Ìlà kọkànlá yí padà: ilé-iṣẹ́ ni yóò gbé e wálé. Ọmọ mi fọwọ́ sí i, ó gbé ẹ̀dà ìwé náà dání, ojúlówó sátífíkéètì rẹ̀ sì wà nínú àpótí mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ọkọ̀ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dà. Awakọ̀ tẹ́ ìwé kan sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó na bírò sí i. "Àǹtí, yára fọwọ́ síbí ká máa lọ."

Ọmọ mi yìí, ìwò ẹ̀ẹ̀kan ló fi ń ka odindi ojú ìwé. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó na ìka, ó gbé e sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ n kà á."

"Ìwé ẹrù lásán ni kẹ̀!"

"Mo gbọ́, sà." Ìka rẹ̀ ń lọ, ó ń lọ, bíi tèmi gẹ́lẹ́. "Ẹrù kan lẹ kọ síbí. Méjì ni mo gbé wá."

Awakọ̀ mí kanlẹ̀, ó tún un kọ. Ìgbà náà ni Iná-ò-jó tó fọwọ́ sí i. Ó dì mọ́ mi, ó fi ìbòjú wẹ́dà há abíyá, ó wọlé, ó jókòó síwájú. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo ń jù ú. Ọkọ̀ yí igun, orí ọmọ mi nà gbọnrangandan, ojú ọ̀nà ló ń wò. Kò wẹ̀yìn.