Wọ́n Ní Rhoda Kò Gbọ́ Yorùbá

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Rhoda fi kọ́ àwọn ọmọ Kabba ní Yorùbá kó tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà nígbà tó kà á lórí fóònù pé òun kò gbọ́ Yorùbá, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín.

Ìyanuolúwa, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó wà ní Èkó, ló mú un wọ ọ̀rọ̀ náà. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù ló ń bá kọ ìtàn. Géèmù wọn àkọ́kọ́, tó dá lórí ogun ayé àtijọ́, gbayì káàkiri. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe apá kejì, ó gbé ìtàn náà wá sílé: ọmọbìnrin kan àti ìyá àgbà rẹ̀ ń sá fún àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé, wọ́n ń gun orí àpáta lọ.

"Màmá, ohùn yín ni mo fẹ́ fún ìyá àgbà yẹn," ló wí. "Owé, èdè Kabba wa, ni kẹ́ ẹ sọ o, bí Màmá Àgbà ṣe ń sọ ọ́."

Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja. Níbi tí ìyá àgbà ti ń pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó sọnù nínú igbó, Rhoda kò wo ìwé tí wọ́n gbé fún un. Bó ṣe gbọ́ igbe náà lẹ́nu ìyá tó bí i ló ṣe ké e. Ọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń nu omijé.

Géèmù jáde lóṣù Kẹsàn-án. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí Rhoda dìde kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí ọ̀rọ̀ àwọn alárìíwísí fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọ́n yin ẹṣin, wọ́n yin ìjà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ní ìyá àgbà ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, ó ní ó dà bí ẹni pé àjèjì ni wọ́n yá wá. Ará Ìbàdàn kan tí èèyàn ń tẹ̀ lé gan-an lórí ayélujára kọ ọ́ pé, "Obìnrin yìí ò gbọ́ Yorùbá. Ṣé wọn ò rí Yorùbá gidi gbà síṣẹ́ ni?" Apá kìn-ín-ní gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Mẹ́fà ni wọ́n fún èyí.

Ẹ̀rín Rhoda ò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó rántí ìwé àròkọ àwọn ọmọ. Níbikíbi tí wọ́n bá ti kọ ọ̀rọ̀ Owé, bírò pupa ló fi ń fagi lé e, á sì kọ "kì í ṣe Yorùbá" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti na ọmọ kan tó ń jẹ́ Thomas rí nítorí ẹ̀. Ọmọ náà ò dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì rẹ̀ mọ́ títí tó fi jáde.

Lọ́sẹ̀ kejì, Ìyanuolúwa pè.

"Màmá, ọ̀gá wa ní ká ṣe àtúnṣe. Òṣèré kan láti Ọ̀yọ́ ló máa tún ibi tiyín sọ."

"Kí nìwọ wá sọ?"

"Èmi ni wọ́n ní kí n tún ọ̀rọ̀ náà kọ."

"O sì gbà?"

"Iṣẹ́ mi ni, Màmá."

Rhoda pa fóònù.

Nígbà tí àtúnṣe náà jáde, àwọn alárìíwísí tún géèmù wò, wọ́n fún un ní mẹ́jọ. Ọ̀kan kọ ọ́ pé ìyá àgbà ti wá dùn ún gbọ́. Rejoice, ọmọ aládùúgbò tó ra géèmù náà, gbé e wá kí Rhoda gbọ́. Nínú igbó yẹn, obìnrin kan ń pe ọmọ rẹ̀ kedere, bí ẹni ń ka ìròyìn.

"Ṣé kò dáa ni, Màmá?" Rejoice bi í.

"Kò ní àṣìṣe kankan," Rhoda dáhùn.

Ìyanuolúwa wálé fún Kérésìmesì. Ó gbé àpò ìrẹsì kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀, ó kí i ní Owé. "Okun o, Màmá."

"Ẹ káàbọ̀," ni Rhoda wí ní Yorùbá ìwé, pẹ̀lú 'ẹ' ọ̀wọ̀, bí ẹni ń kí àlejò tí kò mọ̀ rí. Ó gbé àga fún un, ó bu omi fún un. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọmọ náà lò nílé. Kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Owé kan lẹ́nu Rhoda.