Ipa Ìgbín Lára Ewé

Ó pẹ́ tí ìyàwó ayàwòrán ti ń bá ìgbín jagun nínú ọgbà. Bó bá ti rí ọ̀kan lára ẹ̀fọ́, a gbé e jù sẹ́yìn odi. Ọkọ rẹ̀ a yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé lọ, a gbé e padà wá. Ohun abẹ̀mí inú ọgbà nìkan ni baba náà ń yà: tata, aláǹgbá, labalábá, lórí pákó tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

"Bàbá wọn, ìgbín yín tún ti jẹ ẹ̀fọ́ mi."

"Kì í ṣe tèmi."

"Ta ló gbé e wọlé?"

Baba a mú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, a padà sídìí iṣẹ́.

Lọ́dún yìí, ogun parí fúnra rẹ̀. Ojú ìyàwó ti ṣókùnkùn. Oníṣègùn ojú ní ohun tó bá ń dán nìkan ló kù tó lè rí, ìyẹn náà kò sì ní pẹ́ lọ. Nígbà tí baba délé, ó gbé pákó kékeré kan kalẹ̀, ó fi àtè àti ẹfun kùn ún, ó ha á títí ó fi jọ̀lọ̀.

Wúrà ló ń ṣáájú àwọ̀. Ewé wúrà kan ṣoṣo, wúrà tí wọ́n lù fẹ́lẹ́ bí ewé, ló kù nínú àpótí rẹ̀. Ẹni tó ń lù ú tà ti kú. Ewé náà fẹ́lẹ́ débi pé èémí lásán lè gbé e fò. Baba fi amọ̀ pupa fa ipa ìgbín sórí pákó. Bí amọ̀ bá gbẹ, èémí gbígbóná ni wọ́n kọ́ ọ pé kí ó fi jí i, kí wúrà tó lè lẹ̀ mọ́ ọn.

Ó mí sí i. Ikọ́ tó ti ń dà á láàmú látìgbà òjò sì gbé e. Ìdajì ewé wúrà fò lọ, ó fọ́ yángá sábẹ́ tábìlì.

"Kí ló dé?" Ìyàwó rẹ̀ ń tọ ògiri bọ̀ láti ilé ìdáná. "Mo gbọ́ ikọ́, mi ò gbọ́ èébú."

"Ìdajì ti bàjẹ́."

"Ìdajì yòókù ńkọ́?"

Baba wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bá a lọ́wọ́ sí iṣẹ́ yìí rí.

"Wá mí."

"Ṣé mi ò ti ń mí tẹ́lẹ̀ ni?"

"Síbí."

Ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn ọrùn, ó tẹ orí rẹ̀ ba díẹ̀díẹ̀. "Ya ẹnu. Bí ẹni fẹ́ nu dígí."

Ìyàwó mí. Baba fi búrọ́ọ̀ṣì gbé wúrà lé e. Ó lẹ̀ típẹ́.

"Tún mí."

Ó tún mí. Wúrà kò tó ipa náà já, nítorí náà baba gé ìrìn ìgbín kúrú. Ó fi òkúta dídán pa á títí ó fi ń kọ mànà.

Láràárọ̀ ló ń fọ́ ẹyin. A yí pupa rẹ̀ láti àtẹ́lẹwọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, a dá awọ rẹ̀ lu, a pò ó mọ́ omi àti àwọ̀ lílọ̀. Kíá ló ń gbẹ, nítorí náà ìlà tín-ín-rín bí irun ló ń fà, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, títí ewé àti ìgbín fi yọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìgbín ń gun igi.

"Ẹ̀yin ń kun pupa, èmi ń jẹ funfun," ni ìyàwó wí nídìí páànù. "Tó bá yá, ẹ ó kun adìẹ náà."

Nígbà tí àwòrán parí, baba mú ìyàwó rẹ̀ lọ sójú fèrèsé, ó gbé pákó lé e lọ́wọ́. Ìyàwó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Mi ò rí nǹkan kan."

Baba di etí pákó mú, ó dà á kọ oòrùn díẹ̀.

Ìyàwó fi ojú sún mọ́ ọn.

"Háà. Ó ti gba ibí kọjá."

"Kí ni?"

"Olè inú ọgbà mi."

Ìka rẹ̀ tọ wúrà lọ títí ìmọ́lẹ̀ fi tán, ó sì dúró sẹ́yìn ìkarahun tí kò lè rí.

"Ibí ló dé dúró."

"Ibẹ̀ ni."

"Ẹ gbé e jù sẹ́yìn odi, kó tó dé ìdí ẹ̀fọ́ mi."

Baba wá ìṣó àti òòlù. Ó kan pákó náà mọ́ ògiri tó kọjú sí ibùsùn, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kọ́kọ́ wọlé.