Ihò Abẹ́rẹ́ Lásán

Télọ̀ ni ọkọ mi. Ẹni tí abẹ́rẹ́ ti ń gún lọ́wọ́ láti kékeré, ẹ wá lọ sọ fún un pé ihò abẹ́rẹ́ lè pa á, ṣé ó máa gbọ́?

Ọkàn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bó bá gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ jókòó sórí àga oníbàárà kó tó lè sọ̀rọ̀. Dókítà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, ní iṣan kan ló dí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkàn rẹ̀. Ó ní àwọn ò ní là á. Ibi tí itan ti pàdé ikùn ni àwọn máa gún, àwọn á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú iṣan lọ títí dé ọkàn, àwọn á sì máa wo ọ̀nà rẹ̀ lójú ẹ̀rọ bíi tẹlifíṣọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe. Nígbà tí wọ́n tì í jáde, ó ní òun rí ọkàn òun tó ń lù kìkì, pé iṣẹ́ dókítà mọ́ ju tòun lọ, kò sí ojú rírán kankan.

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi dáadáa," ni dókítà wí. "Ihò yìí kéré lóòótọ́, àmọ́ ara iṣan ńlá ló wà. A sì ti fún yín lóògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ ò gbọdọ̀ dìde, ẹ ò gbọdọ̀ ká ẹsẹ̀ yìí títí di àárọ̀ ọ̀la. Ìtọ̀ gan-an, orí bẹ́ẹ̀dì ni."

"Dókítà, ẹ fẹ́ sọ mí dọmọ ọwọ́."

"Ọmọ ọwọ́ tó wà láàyè ni mo fẹ́."

Tí mo bá ní kò gbọ́ràn, irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Ó tọ̀ sínú ike, ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó ń wo àjà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá wọlé. Ọlọ́yàyà èèyàn ni, àwàdà ló máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Òun ló tọ́ ọkọ mi dàgbà lẹ́yìn ikú òbí wọn, ohun tó bá sì wí, ọkọ mi kì í kọ̀. Mo fi wọ́n sílẹ̀ sínú ẹ̀rín, mo lọ fọ kọ́ọ̀bù.

Ìgbà tí mo ń padà bọ̀, orí ìdúró ni mo bá ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó ń juwọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti ń lọ.

"Kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Ẹ̀gbọ́n ló ní ṣé ihò abẹ́rẹ́ ló sọ mí dọba tí mi ò fi lè sìn wọ́n." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹnu ọ̀nà lásán."

Mo dá a padà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo pe nọ́ọ̀sì. Báńdéèjì náà mọ́ tónítóní. Ọkàn mi balẹ̀. Kí ni mo mọ̀? Inú ni ẹ̀jẹ̀ ń dà sí.

Kò pẹ́, ó ní ẹ̀yìn ń ro òun. Òógùn bò ó, ètè rẹ̀ funfun. Dókítà sáré dé, ó fi gbogbo ara tẹ itan rẹ̀, wọ́n ń tì í padà lọ síbi ẹ̀rọ. Ó di aṣọ mi mú.

"Má sọ fún Ẹ̀gbọ́n," ó wí. "Wọn ò ní lè gbé e."

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Wọ́n rí ibi tó ti ń jò, àmọ́ kí wọ́n tó dí i, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ẹ̀gbọ́n wá jókòó sí pálọ̀ mi, ojú rẹ̀ wú.

"Dókítà yẹn ló pa á. Mo máa rí i pé wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n ní ó dìde. Irọ́ ni! Kí ló máa mú àbúrò mi dìde?"

Ó ti gbàgbé pátápátá. Inú bí mi gan-an. Mo rántí dókítà tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kọ́rídọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi wà lápá aṣọ rẹ̀, tí kò lè wò mí lójú. Mo tún rántí ọwọ́ tó di aṣọ mi mú. Ẹyin lọ̀rọ̀. Mo mú tèmi dání.

Ó dìde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, bó ti máa ń ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi níyàwó.

"Ìyàwó wa, ṣé o ò ní sìn mí ni?"

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ẹni tó sìn yín gbẹ̀yìn ńkọ́?"

Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó sì rọra jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi.

Mi ò ní kó dìde.