Ẹni Tó Ń Dúró Lẹ́yìn Arvi

Ní wọ́ọ̀dù àwọn tí eegun wọn kán nílé ìwòsàn ìlú Kajaani, níbi tí òtútù ti ń sọ omi ojú ọ̀nà di yìnyín, kò sẹ́ni tó ṣubú rí. Tẹ́ ò bá gbà mí gbọ́, ẹ lọ bi wọ́n. Outi, obìnrin tó ń yẹ ìdúró àti ìrìn àwọn aláìsàn wò kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀ lọ sílé, ń bi wọ́n lójoojúmọ́ bóyá wọ́n ti ṣubú láàárín ọdún kan sí àkókò yìí. Wọn á ní rárá. Bàbá tí wọ́n rán lágbárí bí àpò tó ya náà ní rárá: yìnyín ló yọ̀ mọ́ òun lẹ́sẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ìṣubú, oṣù kẹta ọdún ni, tí gbogbo ọ̀nà máa ń yọ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Àgbà tibí ò wo ìkankan nínú méjèèjì. Ó kàn ń wò ó bóyá ẹnì kan rí òun ni, á sì dìde, á lọ ra mílíìkì rẹ̀.

Nígbà tó kan Hilkka Kemppainen, òun náà ní òun ò ṣubú. Apá òsì rẹ̀ tó kán wà nínú ìdè funfun líle, ó ní yìnyín ni. Irọ́ ló pa. Arvi ọkọ rẹ̀ ló wó lù ú nílé ìdáná.

Látìgbà tí ewé ti ń wọ́ lórí igi ni ẹsẹ̀ Arvi ti ń dà á. Bó bá ti dìde nídìí tábìlì, ẹ̀yìn ló ń lọ. Hilkka ò pariwo. Ó sọ dídúró lẹ́yìn ọkọ di iṣẹ́, bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò wàrà lórí iná. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù: bí ilé ìwòsàn bá gbọ́, wọ́n á mú Arvi lọ sílé àwọn arúgbó, òun nìkan á sì kù nínú ilé etí adágún. Ó ti rí i lára Aune aládùúgbò wọn. Bọ́ọ̀sì ni Aune ń wọ̀ lọ wo ọkọ ẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, títí ọkọ fi ń kí i bí àlejò. Kàkà kí tòun rí bẹ́ẹ̀, Hilkka ní kí apá kejì náà kúkú kán.

Outi ní kó dìde lórí àga, kó rìn dé ìlà pupa tó wà nílẹ̀, kó yí padà wá jókòó. Hilkka rìn bí ọmọge tí wọ́n rán níṣẹ́ sílé àfẹ́sọ́nà. Wọ́n ní kó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó dúró, ó tún bi Outi bóyá kóun gbé ìkejì náà sókè. Outi rẹ́rìn-ín, ó ní lọ́la ni màmá ń lọ sílé. Inú Hilkka dùn débi pé kò mọ ibi tí yóò kọjú sí.

Arvi wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kóòtù rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. Ará àdúgbò kan ló fi mọ́tò gbé e wá. Bó ti gbọ́ pé lọ́la ni, ó dìde láti bọ ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Kó tó dúró tán, Hilkka ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò tilẹ̀ rò ó, ara rẹ̀ ló mọ̀nà. Ó na ọwọ́ méjì, ọ̀kan ló jáde. Arvi fì, ó ń lọ sẹ́yìn, ọpẹ́lọpẹ́ Outi tó gbá a mú ní bẹ́líìtì. Wọ́n dá a padà sórí àga.

Outi wo apá Hilkka títí.

"Màmá, ẹ̀ẹ̀melòó ni bàbá ti ṣubú?"

"Kò ṣubú rí. Èmi ló máa ń wó lé lórí. Kì í kanlẹ̀."

Outi ò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga súnmọ́ wọn, ó ní aláìsàn lòun ń yẹ̀ wò, àlejò ni bàbá. Bí màmá ò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, òun ò ní fi tipá gbọ́ ọ.

Ọ̀nà ilé là gbalaja níwájú Hilkka. Ó rántí igun ààrò onírin wọn, ibi tí àgbárí Arvi máa ń dojú kọ kóun tó bọ́ sáàárín. Ó wo apá rẹ̀. Inú bí i sí apá náà gidi gan-an.

"Kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ mi," ló wí. "Ọkọ mi ń ṣubú. Ọwọ́ kan ò lè gbé e."

Arvi gbójú sókè. "Ta ni yóò wá máa dúró lẹ́yìn mi?"

"Àwọn tó lọ́wọ́ méjì ni," ni Hilkka dá a lóhùn, ó sì kọjú sí ògiri kí ọkọ rẹ̀ má baà rí i pé ẹkún ti dé.